Ẹ̀rọ Tí Ń Fa Omi Kúrò Lára Kápẹ́ẹ̀tì: Ìtàn Rẹ̀ àti Ọ̀nà Tí Ó Gbà Kan Ilé Wa ní Dublin

Nílé wa lọ́hùn-ún, ẹní ni a kọ́kọ́ mọ̀ kí a tó mọ kápẹ́ẹ̀tì. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó ká ẹní, a ó gbọ̀n ọ́n ní ẹ̀yìnkùlé, a ó sì fi í ti ògiri. Bí ọmọdé bá tọ̀ sí i lóru, a ó da omi sí i, a ó sá a sí oòrùn. Kí àwọn àgbà tó ti oko dé, ó ti gbẹ. Àwọn tí ó ra rọ́ọ̀gì nígbà tí owó epo rọ̀bì wọ ìlú ní àwọn ọdún 1970 pàápàá kò yí àṣà náà padà. Wọn a fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì líle fọ̀ ọ́, wọn a nà án sórí fẹ́ǹsì, oòrùn a sì ṣe èyí tí ó kù. Oòrùn ni ẹ̀rọ wa. Ẹnikẹ́ni kò sanwó iná fún un, ẹnikẹ́ni kò sì bèèrè bí agbára rẹ̀ ti tó.

Ẹni tí ó bá ti inú irú ilé bẹ́ẹ̀ dé Dublin yóò bá nǹkan mìíràn pàdé. Kápẹ́ẹ̀tì ibí kì í ṣe ohun tí a ń ká. Wọ́n gé e mọ́ ìwọ̀n yàrá láti ògiri dé ògiri, wọ́n sì fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ oníṣòó dì í mú ní etí. Ohun tí a kò lè gbé síta, inú ilé ni a ó ti fọ̀ ọ́, inú ilé náà ni yóò sì gbẹ sí. Èmi fúnra mi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní oṣù Kọkànlá ọdún kan. Mo háyà ẹ̀rọ kékeré kan, mo fọ kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ ní alẹ́ Sátidé kí ilé lè mọ́ de àlejò ọjọ́ Àìkú. Mo da omi sí i dáadáa, nítorí mo rò pé bí omi bá ti pọ̀ tó ni yóò ṣe mọ́ tó. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ìbọ̀sẹ̀ mi ṣì ń tutù. Ní Ọjọ́bọ̀, ó ti ń rùn bí aṣọ tí a gbàgbé sínú báàkẹ́ẹ̀tì, ọmọ wa tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ohun tí ọwọ́ mi bá tẹ̀ nípa ìtàn àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí. Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu. Mo rò pé ìtàn omi àti ọṣẹ ni n ó kà. Ìtàn fífà ni mo bá níbẹ̀. Dída omi sí kápẹ́ẹ̀tì kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Bí a ó ti gba omi náà padà ni ó fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́ ìṣòro, òun náà ni ó sì ya ẹ̀rọ kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn títí di òní.

Ilẹ̀ Ireland kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ kápẹ́ẹ̀tì. Ní 1898, ọ̀gbẹ́ni Alexander Morton, ará Scotland, dá ilé iṣẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní Killybegs, ní agbègbè Donegal, níbi tí àwọn ọmọbìnrin ti ń fi ọwọ́ ta kókó okùn irun àgùntàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 1902, arábìnrin Evelyn Gleeson dá ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà Dun Emer sílẹ̀ ní Dundrum, ní gúúsù Dublin, pẹ̀lú àwọn arábìnrin akéwì W. B. Yeats méjì, kápẹ́ẹ̀tì híhun wà lára iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin àdúgbò. Ẹni tí ó bá ní oore-ọ̀fẹ́ láti wọ Áras an Uachtaráin, ilé Ààrẹ orílẹ̀-èdè yìí ní Phoenix Park, yóò rí kápẹ́ẹ̀tì Killybegs tí ayàwòrán ilé Raymond McGrath ya àpẹẹrẹ rẹ̀. Ohun olówó iyebíye ni ìwọ̀nyí. Ohun tí ó sún mọ́ ẹní wa ni wọ́n sì jẹ́ ní ọ̀nà kan, nítorí pé ọ̀pọ̀ kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni ó ṣeé ká, tí àwọn ìránṣẹ́ ilé ọlọ́lá ń gbé síta láti fi ọ̀pá lù.

Ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni nǹkan yí padà. Ní ìlú Dalton, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe ẹ̀rọ tí ń fi abẹ́rẹ́ púpọ̀ gún fọ́nrán mọ́ aṣọ lẹ́ẹ̀kan náà, kápẹ́ẹ̀tì fífẹ̀ sì di ọ̀pọ̀ nínú ọjà. Ní Ireland, wọ́n dá ilé iṣẹ́ Youghal Carpets sílẹ̀ ní agbègbè Cork ní 1954. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, kápẹ́ẹ̀tì kúrò ní ohun ọlọ́lá, ó di ohun tí a kàn mọ́lẹ̀ ní ilé gbogbo mẹ̀kúnnù, títí kan orí àtẹ̀gùn, àti nínú àwọn ilé kan, ilé ìwẹ̀ pàápàá. (Èmi kò tíì gbọ́ àlàyé tí ó tẹ́ mi lọ́rùn lórí kápẹ́ẹ̀tì inú ilé ìwẹ̀.) Nígbà tí ó ti di ohun tí a kò lè gbé kúrò nílẹ̀, ẹ̀rọ ni ó gbọ́dọ̀ wá bá a níbi tí ó wà.

Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí ó rọ̀ mọ́ni lọ́wọ́ kò ní iná, kò sì ń fa ohunkóhun. Tọkọtaya Melville àti Anna Bissell, tí wọ́n ń ta àwo ní ìlú Grand Rapids ní Michigan, ni ó ṣe é ní 1876: àpótí kékeré tí búrọ́ọ̀ṣì ń yí nínú rẹ̀ bí a ti ń tì í. Nígbà tí ọkọ kú ní 1889, ìyàwó gba àkóso ilé iṣẹ́ náà, ó sì mú un gbèrú dé òkè òkun.

Ní 1901 ni ọ̀rọ̀ fífà bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Ẹnjiníà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Hubert Cecil Booth, lọ wo ẹ̀rọ kan ní London tí ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ lu eruku kí eruku lè fò bọ́ sínú àpótí. Booth bèèrè pé kí ló dé tí ẹ̀rọ náà kò fi fà dípò kí ó fẹ́. Wọ́n dá a lóhùn pé kò ṣeé ṣe. Ó kúrò níbẹ̀, ó wọ ilé oúnjẹ, ó fi aṣọ ìnujú lé ara àga, ó fi ẹnu fà á mu. Eruku fẹ́rẹ̀ẹ́ fún un lọ́rùn pa, ṣùgbọ́n ó rí àmì dúdú lára aṣọ náà, ó sì mọ̀ pé òótọ́ ni èrò òun. Ẹ̀rọ tí ó ṣe tóbi bí ọkọ̀ ẹṣin. Ẹṣin ni ó sì ń fà á káàkiri ìgboro. Yóò dúró ní òpópónà, wọn yóò na rọ́bà gígùn gba ojú fèrèsé wọ inú ilé. Òun ni wọ́n fi fa eruku kápẹ́ẹ̀tì Westminster Abbey nígbà ìgbadé Ọba Edward Keje ní 1902. Kí òǹkàwé fi ọkọ̀ tí ó dúró níta àti rọ́bà tí ó gba ojú fèrèsé wọlé yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà bá a.

Nínú gbogbo àwọn tí ìtàn yìí dárúkọ, ẹni tí ó sún mọ́ wa jù lọ ni James Murray Spangler. Kì í ṣe ẹnjiníà. Ó ń gbálẹ̀ ní ilé ìtajà kan ní ìlú Canton, ní Ohio, ó sì ní ikọ́ fée, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní ásímà. Eruku tí ìgbálẹ̀ ń ru sókè ń dí i lémìí lálaalẹ́. Bí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò ní jẹun. Bí ó bá ń bá a lọ, kò ní lè mí. Ní 1907, ó mú ẹ́ńjìnnì fáànù kan, ó so ó mọ́ ọ̀pá ìgbálẹ̀, ó fi àpò ìrọ̀rí ṣe ibi tí eruku yóò bọ́ sí. Ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ olùpilẹ̀ṣẹ̀ ní oṣù Kẹfà 1908. William Hoover, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń fi awọ ṣe ohun èlò ẹṣin, ra àṣẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ Hoover sì bo orúkọ ẹni tí ó rò ó. Títí di òní, bí ará Dublin bá fẹ́ gbá ilẹ̀ ilé rẹ̀, yóò ní òun fẹ́ “hoover” ni. Kò sí ẹni tí ń sọ pé òun fẹ́ “spangler”. Nínú ìdílé wa níbí, kò wọ́pọ̀ kí a má rí ẹnì kan tí ó ti fi òru gbálẹ̀ ọ́fíìsì nígbà tí ó kọ́kọ́ dé, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí yunifásítì nínú àpò. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó dá ẹ̀rọ tí ó wà ní ilé gbogbo ayé sílẹ̀, nítorí pé ó fẹ́ mí.

Ṣùgbọ́n eruku gbígbẹ ni gbogbo àwọn wọ̀nyí ń fà. Ohun tí ó bá ti lẹ̀ mọ́ fọ́nrán, bí ìtọ̀ ọmọ, wàrà tí ó dànù, tàbí epo pupa inú ọbẹ̀, afẹ́fẹ́ nìkan kò lè mú un. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀nà tí àwọn oníṣẹ́ mọ̀ ni kí wọ́n da ọṣẹ oníhòóhò sí i, kí búrọ́ọ̀ṣì ńlá máa yí lórí rẹ̀, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Èyí dà bí kí ènìyàn fi ọṣẹ kun ara kí ó má ṣan án. Ìdọ̀tí tí ó ti tú ṣì wà níbẹ̀, ọṣẹ tí ó lẹ̀ sì ń di ìdọ̀tí tuntun mú. Kápẹ́ẹ̀tì tí a fọ̀ ní oṣù kan yóò ti dúdú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ kí oṣù mẹ́ta tó pé.

Láàrin òpin àwọn ọdún 1960 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni àwọn ará Amẹ́ríkà so nǹkan mẹ́ta pọ̀ sínú ẹ̀rọ kan: pọ́ǹpù tí ń ti omi gbígbóná, ojú ihò tín-ín-rín tí ń fọ́n ọn sí kápẹ́ẹ̀tì, àti ẹnu gbọọrọ tí ń fà á padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Wọ́n ń pè é ní fífi oruku omi fọ kápẹ́ẹ̀tì. Irọ́ ọjà ni, omi gbígbóná lásán ni. Kò pẹ́ tí irú Rug Doctor fi wà ní ilé ìtajà fún ẹni tí ó bá fẹ́ háyà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Alan Brazier bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ Vax ní agbègbè Worcestershire ní 1977, ẹ̀rọ rẹ̀ sì ń fa eruku, ó ń fa omi, ó sì ń fọ kápẹ́ẹ̀tì. Ilé iṣẹ́ Numatic ní Somerset ni ó ṣe Henry, ẹ̀rọ pupa olójú ẹ̀rín tí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó níbí kò lè ṣàì mọ̀. Àbúrò rẹ̀ aláwọ̀ ewé, George, ni ó ń fọ kápẹ́ẹ̀tì.

Báwo ni a ṣe lè fi wọ́n wé ara wọn? Ìwé tí ó bá ẹ̀rọ wá máa ń pariwo agbára iná, ṣùgbọ́n iye iná tí ẹ̀rọ ń jẹ kò sọ iye omi tí yóò gbà padà. Àwọn oníṣẹ́ ń wo nǹkan méjì. Èkíní ni bí ẹ̀rọ ti lè fa omi ga tó nínú ọ̀pá. Ẹ̀rọ àgbéká tí oníṣẹ́ ń lò, tí ó ní ẹ́ńjìnnì fífà kan tí ó dára, lè fa omi ga ju 100 ínṣì lọ, èyí tí ó ju mítà méjì àbọ̀. Èkejì ni iye afẹ́fẹ́ tí ń kọjá nínú rọ́bà ní ìṣẹ́jú kan. Ti irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń lọ sí nǹkan bíi 2,800 lítà. Agbára fífà ni ó ń tú omi kúrò lára fọ́nrán, afẹ́fẹ́ tí ń kọjá ni ó sì ń gbé e lọ. Èyí tí ó ní ọ̀kan tí kò ní èkejì dà bí ẹni tí ó lè ru ẹrù ṣùgbọ́n tí kò lè rìn. Bí wọ́n bá to ẹ́ńjìnnì méjì tẹ̀lé ara wọn, fífà yóò le sí i. Bí wọ́n bá tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, afẹ́fẹ́ yóò pọ̀ sí i. Rọ́bà gígùn ń jẹ méjèèjì. Rọ́bà òkùn ìdérí tí ó ti là, tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, lè sọ ẹ̀rọ olówó ńlá di yẹpẹrẹ.

Èyí tí ó lágbára jù ni ti inú ọkọ̀ bọ́ọ̀sì. Irú ohun èlò fífà tí ó wà nínú rẹ̀, àwọn arákùnrin Roots ti ìpínlẹ̀ Indiana ni ó dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n sì ń fi í fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú iná ìléru tí a fi ń yọ́ irin, kí ẹnikẹ́ni tó ronú kápẹ́ẹ̀tì. Ó lè fa omi ga ju mítà mẹ́rin lọ, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì lè ju 8,000 lítà lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ọkọ̀ yóò dúró níta, rọ́bà yóò gba ẹnu ọ̀nà wọlé: ẹ̀rọ Booth ni ó padà wá, ẹ́ńjìnnì ti gba ipò ẹṣin.

Síbẹ̀, èmi kò gbà pé ti inú ọkọ̀ ni ó yẹ ilé wa ní Dublin nígbà gbogbo. Ní Amẹ́ríkà, ohun tí ó fún un lókìkí ni pé iná ilé wọn jẹ́ fóòtì 120, èyí tí kò lè gbé ẹ̀rọ ńlá láti ojú ihò iná kan. Iná tiwa níbí jẹ́ 230. Ojú ihò kan lè gbé nǹkan bíi kílówáàtì mẹ́ta, ìyẹn sì tó fún ẹ̀rọ àgbéká tí ó ní ẹ́ńjìnnì fífà méjì. Ẹni tí ń gbé àjà kẹta ní Blanchardstown tàbí Tallaght, tí ọkọ̀ kò lè dúró sí tòsí ilé rẹ̀, yóò na rọ́bà títí agbára yóò fi tán nínú rẹ̀. Kí ó pe oníṣẹ́ tí ó ní ẹ̀rọ àgbéká tí ó dára.

Ọ̀nà kẹta wà, èyí tí kò lo omi púpọ̀. Àwọn kan ń fọ́n ìyẹ̀fun tí a rẹ díẹ̀ sí kápẹ́ẹ̀tì, wọn a fi búrọ́ọ̀ṣì fi í wọlé, wọn a sì fà á jáde. Àwọn mìíràn ń lo kẹ́míkà tí yóò yí ìdọ̀tí ká, tí yóò gbẹ di hóró wẹ́wẹ́, tí ẹ̀rọ eruku yóò sì gbé e. Láàrin wákàtí kan sí méjì, ó ti gbẹ. Fún gbọ̀ngàn ìjọsìn tí a ó fọ̀ ní alẹ́ Sátidé, tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún bàtà yóò sì tẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kò sí èyí tí ó dára jù ú lọ. Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ ọmọ bá ti dé fóòmù abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ìyẹ̀fun kò ní dé ibẹ̀.

Fífà nìkan kò parí iṣẹ́, nítorí ẹ̀rọ tí ó dára jù lọ pàápàá yóò fi omi díẹ̀ sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú yàrá ni yóò gbé èyí tí ó kù, ibí yìí sì ni a ti ń ṣìnà. A rò pé òtútù ni kì í jẹ́ kí nǹkan gbẹ. Ẹ jẹ́ kí a rántí ọyẹ́. Ní oṣù Kejìlá, nígbà tí ètè ń là tí awọ ara ń funfun, aṣọ tí a sá ní àárọ̀ kùtùkùtù yóò ti gbẹ kí a tó jẹun ọ̀sán, bí òtútù tilẹ̀ ń mú. Ní oṣù Keje, tí ooru wà tí òjò ń rọ̀, aṣọ kan náà yóò wà lórí okùn fún ọjọ́ méjì, yóò sì máa rùn. Èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni omi tí ó ti wà nínú afẹ́fẹ́. Òjò Èkó lọ́dún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì òjò Dublin, ṣùgbọ́n òjò Èkó a rọ̀ kíkankíkan, a sì dá. Ti Dublin ń ṣẹ̀ wínníwínní láti oṣù dé oṣù, afẹ́fẹ́ rẹ̀ kì í fẹ́ gbẹ.

Síbẹ̀, àṣírí kan wà tí ìgbà òtútù fi pamọ́. Afẹ́fẹ́ tí òtútù rẹ̀ wà ní ìwọ̀n 5 lórí òṣùwọ̀n Celsius kò lè gbà ju gíráàmù 7 omi lọ nínú àyè tí ó gùn ní mítà kan, tí ó fẹ̀ ní mítà kan, tí ó sì ga ní mítà kan. Bí a bá gbé afẹ́fẹ́ kan náà wọlé, tí ẹ̀rọ amúlégbóná mú un dé ìwọ̀n 20, ó lè gba gíráàmù 17. Ó ti di òǹgbẹ. Yóò wá omi mu, ara kápẹ́ẹ̀tì ni yóò sì ti rí i. Nítorí náà, ẹni tí ó fọ kápẹ́ẹ̀tì ní oṣù Kìíní, kí ó tan amúlégbóná, kí ó ṣí fèrèsé díẹ̀ ní ìhà méjèèjì ilé, kí ó jẹ́ kí fáànù máa fẹ́ sórí ilẹ̀. Ẹni tí ó ti fèrèsé pa pinpin nítorí owó gáàsì ti sé omi mọ́lé ni. Ara ògiri tí ó tutù ni omi náà yóò lọ, láìpẹ́ ògiri yóò bu, yóò sì dúdú. Ní ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn tí afẹ́fẹ́ ìta gbóná díẹ̀ tí ó sì rin gbindin, ọ̀rọ̀ yí padà: kí a ti fèrèsé, kí a háyà ẹ̀rọ tí ń gba omi inú afẹ́fẹ́ sínú àgbá rẹ̀.

Dublin kọ́ nípa gbígbẹ yìí pẹ̀lú omijé. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì 2002, òkun kún wọ Ringsend àti East Wall. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, odò Tolka kún wọ ilé ní Drumcondra. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá 2011, òjò ọjọ́ kan mú kí omi wọ ilé ní Harold’s Cross, ó sì wọ ilé ìtajà ńlá tí ó wà ní Dundrum. Lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni a ń rí ohun tí fífà, fífẹ́ àti gbígba omi inú afẹ́fẹ́ lè ṣe bí wọ́n bá pawọ́ pọ̀. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà kì í jẹ́ kí ohun tí ó rin ju wákàtí 24 sí 48 lọ kí ó tó gbẹ, nítorí ìgbà náà ni nǹkan ń bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Kápẹ́ẹ̀tì tí omi ìdọ̀tí bá ti wọ̀, ẹ má ṣe fọ̀ ọ́ rárá. Ẹ gé e, ẹ kó o dànù pẹ̀lú fóòmù abẹ́ rẹ̀.

Ìkọ́ ọmọ mi ni ó mú mi dé orí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ kí n sọ ohun tí ó wà nídìí rẹ̀. Kòkòrò kan wà nínú eruku ilé tí ojú lásán kò lè rí. Kì í mu omi. Ara afẹ́fẹ́ ni ó ti ń fa omi sára. Bí ọ̀rinrin inú yàrá bá lọ sílẹ̀ kọjá ìdá 50 nínú 100 tí ó sì dúró bẹ́ẹ̀, yóò máa gbẹ kú. Bí ó bá wà ní 70 sí 80, yóò máa bí sí i. Ìgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń ru ikọ́ fée sókè lára àwọn tí ó ní i, Ireland sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ikọ́ fée ti wọ́pọ̀ gidigidi. Ẹni tí ó fọ kápẹ́ẹ̀tì tí kò fa omi rẹ̀ ti pèsè ilé fún kòkòrò yìí, ó sì tún sanwó sí i. Àwọn kan yóò ní kí a kúkú yọ kápẹ́ẹ̀tì, kí a tẹ́ pákó. Bí ilé bá jẹ́ tiwọn, mo gbà. Ẹni tí ó yá ilé gbé kò ní àṣẹ bẹ́ẹ̀.

Ayálégbé ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú. Òfin ìlànà ilé àyágbé ti 2019 ní kí onílé pèsè ohun tí ń mú ilé gbóná tí ayálégbé lè tàn kí ó sì pa fúnra rẹ̀, àti ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ yóò máa gbà wọ yàrá. Kò sì gba ilé tí ògiri rẹ̀ ń rin láyè. Òfin ilé gbígbé ti 2004 sì ti sọ ọ́ pé ìgbó tí ó dé bá ohun èlò nítorí lílò ojoojúmọ́ kì í ṣe gbèsè ayálégbé. Ṣùgbọ́n kápẹ́ẹ̀tì tí ó bu nítorí pé a bomi rin ín kì í ṣe ìgbó lásán. A lè tìtorí rẹ̀ pàdánù owó oṣù kan tí a fi sílẹ̀ lọ́wọ́ onílé.

Nígbà tí mo tún fọ pálọ̀ wa, oṣù Kìíní ni, ní àárọ̀, kì í ṣe alẹ́. Mo wọn omi tí mo dà sínú ẹ̀rọ: 20 lítà. Fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí mo bá fọ́n omi, mo fa ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láìfọ́n omi, díẹ̀díẹ̀, títí n kò fi rí omi nínú rọ́bà mọ́. Nígbà tí mo ṣe tán, mo da omi dúdú tí ẹ̀rọ gbà padà sínú báàkẹ́ẹ̀tì, mo sì wọ̀n ọ́n: 17 lítà. Lítà mẹ́ta péré ni ó kù fún afẹ́fẹ́ láti gbé. Ní oṣù Kọkànlá àkọ́kọ́ yẹn, n kò wọn ohunkóhun, ṣùgbọ́n mo rántí pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo bu omi kún ẹ̀rọ náà, tí n kò sì da omi ìdọ̀tí rẹ̀ nù ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, kí a tó gbàdúrà alẹ́, ìbọ̀sẹ̀ mi kò tutù mọ́.